Ilé Orin Kékeré: Ta Ni Yóò Dá A Sí?

Àwọn àgbà wa a máa wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sún mi tí mo fi mú kálàmù lóṣù yìí, kí n lè ròyìn fún yín ohun kan tí mo fi ojú ara mi rí ní Ìlú Ọba, èyí tí mo gbà pé ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bi mí pé, kí ni ó kan Ẹgbẹ́ wa nínú orin rọ́ọ̀kì àwọn òyìnbó, tí gìtá ń ké bí ààrá, tí ìlù sì ń dún bí ẹni ń wó ilé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. N kò wá láti pè yín sí ijó wọn. Ilé tí wọ́n ti ń jó o ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Orin tí mò ń wí yìí ni àwọn ọ̀dọ́ Ìlú Ọba ń pè ní “indie”. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé olórin kò sí lábẹ́ ọ̀gá ńlá kankan. Ní ìgbà kan rí, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń pinnu ẹni tí a ó gba ohùn rẹ̀ sínú àwo àti ẹni tí a kò ní gbà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìlú Manchester, tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Buzzcocks, yá 500 pọ́n-ùn, wọ́n fi tẹ 1,000 àwo orin tiwọn tí wọ́n pè ní Spiral Scratch, wọ́n sì gbé e jáde fúnra wọn. Àwo náà tà tó 16,000. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti rí i pé ẹni tí kò ní baba ìsàlẹ̀ náà lè kọ orin rẹ̀ kí ayé gbọ́.

Ṣùgbọ́n níbo ni irúgbìn yìí ti hù? Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1976, méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí gba gbọ̀ngán kékeré kan ní Manchester, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ Sex Pistols wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí ó wá kò tó 100. Síbẹ̀, nínú àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ni àwọn tí ó padà dá ẹgbẹ́ Joy Division sílẹ̀ wà. Morrissey, tí ó wá di akọrin ẹgbẹ́ The Smiths, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí oníṣirò bá ka owó ìwọlé alẹ́ ọjọ́ náà, yóò wí pé òfo ni. Ṣùgbọ́n ìlú Manchester ń jẹ èrè alẹ́ náà títí di òní.

Inú ilé kékeré ni irú orin bẹ́ẹ̀ ti ń dàgbà. Mo gbé ní ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mélòó kan, irú ilé bẹ́ẹ̀ kan sì wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin wa. Bí ó bá ti gba 200 ènìyàn, ó kún nìyẹn. Ògiri rẹ̀ dúdú, àjà rẹ̀ rẹlẹ̀, pèpéle rẹ̀ kò sì ga ju orúnkún ọkùnrin lọ. Gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ. N kì í bèèrè ẹni tí yóò kọrin. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ mẹ́ta ni yóò gun pèpéle, pé n kò ní mọ orúkọ méjì nínú wọn, àti pé owó ìwọlé kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán kan lọ. Obìnrin tí ó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà mọ ẹni tí ó bá pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, yóò sì bèèrè àlàáfíà rẹ̀ nígbà tí ó bá tún dé.

Ní alẹ́ òjò kan, àwa mẹ́tàdínlógún péré ni a wá. Ẹgbẹ́ tí ó kọrin kẹ́yìn ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì kọrin bí ẹni pé ọba ni ó jókòó níwájú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ta gìtá ṣi orin kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un bẹ̀rẹ̀, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ó yé mi pé iṣẹ́ tí ilé yìí ń ṣe fún ìlú ju ìgbádùn lọ. Ibẹ̀ ni olórin ti lè ṣì í ṣe láìsí ìtìjú, kí ó sì mọ̀ ọ́n ṣe nígbẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdílé àyàn mọ̀ pé ọmọ àyàn kì í ti orí ẹní dìde lọ lùlù níwájú ọba. Yóò ti máa lu omele lẹ́yìn baba rẹ̀ ní òde ìsọmọlórúkọ àti òde ìsìnkú fún ọdún púpọ̀, kí a tó gbé ìyá ìlù kọ́ ọ léjìká.

Ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì fi èyí hàn kedere. Ilé orin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ King Tut’s Wah Wah Hut, tí a ṣí ní ọdún 1990, tí kò sì gbà ju 300 ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1993, àwọn ọmọ Manchester kan, tí orúkọ wọn kò sí lára àwọn tí a kéde fún alẹ́ náà, rí àyè díẹ̀ gbà láti kọrin níbẹ̀. Oasis ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Alan McGee, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ àwo orin Creation sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà nínú ilé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbọ́ wọn, ó sì ní òun yóò gbà wọ́n. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹjọ ọdún 1996, 250,000 ènìyàn ni ó wá gbọ́ wọn ní Knebworth láàárín ọjọ́ méjì. Láti inú ilé tí kò gbà ju 300 lọ dé orí pápá ńlá náà, kò ju ọdún mẹ́ta lọ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí nǹkan ti rí fún àwọn ilé wọ̀nyí nísinsin yìí. Ẹgbẹ́ Music Venue Trust, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2014 láti gbèjà wọn, ṣe ìṣirò ọdún 2023. Nínú 100 pọ́n-ùn tí ó bá wọlé, èrè tí ó kù fún wọn ní ìpíndọ́gba kò ju 50 pẹ́ńsì lọ. Nínú ilé 100, 38 ni ó pàdánù. Ilé 125 ni kò sì gba olórin mọ́ láàárín ọdún kan ṣoṣo náà. Ní oṣù kejìlá rẹ̀ ni Moles ti ìlú Bath, tí a ṣí ní ọdún 1978, ti ìlẹ̀kùn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé 136 ni ó wà ní ọdún 2007. Nígbà tí ọ́fíìsì Méyọ̀ ìlú náà gbé ìròyìn jáde lórí ọ̀ràn náà ní ọdún 2015, ó ku 88.

Kí ni ó ń pa wọ́n? Èkínní ni owó: owó ilé, owó iná àti owó orí ń gòkè, ṣùgbọ́n olùgbọ́ tí kò mọ olórin kò ní san owó gegere láti wò ó. Èkejì ni aládùúgbò tuntun. Olówó kan yóò kọ́ ilé alájà púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé orin tí ó ti wà níbẹ̀ láti ogún ọdún, àwọn ayálégbé rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹjọ́ ariwo sùn. Èyí dàbí ẹni tí ó lọ kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ àgbẹ̀dẹ, tí ó wá ní kí alágbẹ̀dẹ má lu irin mọ́. Ìlànà ìjọba lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní ọdún 2018, ti sọ ọ́ pé ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni kí ó wá ọ̀nà tí ariwo kò fi ní wọ ilé tirẹ̀. Ìlànà náà tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí ó tó dé.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olóyè fi etí sí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń ṣe ilé orin kò ni ilé tí wọ́n wà. Ní ìlú Sheffield, The Leadmill bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1980 nínú ilé tí a ti ń lọ ìyẹ̀fun tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Pulp ti kọrin nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ kékeré ìlú náà. Onílé tuntun ra ilé náà ní ọdún 2017, ó fẹ́ máa lò ó fúnra rẹ̀, ọ̀ràn di ti ilé ẹjọ́, àwọn ayálégbé sì kó jáde ní ọdún 2025. Onílé náà ní òun yóò jẹ́ kí orin máa dún níbẹ̀, òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé òógùn ọdún 45 kò di ìwé ilẹ̀.

Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà tí iṣẹ́ mi gbòòrò, mo dẹ́kun lílọ ní Ọjọ́bọ̀. Mo wí pé ó ti rẹ̀ mí, pé n ó lọ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ní ọdún náà gan-an ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti wo àwọn olókìkí ní gbọ̀ngán ńlá, iye rẹ̀ sì tó owó ìwọlé ogún Ọjọ́bọ̀. Mo jókòó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé inú àwòrán ńlá tí a gbé kọ́ ni mo ti ń wo ojú wọn. Nígbà tí mo tún gba ẹ̀yìn ibùdókọ̀ kọjá, àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, àti ìwé kékeré kan tí a fi dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Mo dúró, inú mi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n irú ìkẹ́dùn wo ni ti ẹni tí kò bẹ aláìsàn wò, tí ó wá ń sunkún níbi òkú?

Àwọn kan yóò wí pé ohun tí kò bá lè bọ́ ara rẹ̀, kí ó kú. Mo bi wọ́n léèrè: ilé-ìwé wo ni ó ń bọ́ ara rẹ̀? Èrè ilé kékeré kì í wọ àpò ilé kékeré. Ó ń wọ àpò gbọ̀ngán ńlá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ kan nínú Ilé Aṣòfin wọn ṣe dábàá ní ọdún 2024 pé kí a máa yọ owó díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngán ńlá fún ìrànlọ́wọ́ ilé kékeré. Àwọn mìíràn yóò ní ibi ọtí ni, ibi àìsùn ni. Òótọ́ ni pé a ń mu ọtí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó ń tún orin rẹ̀ ṣe níwájú àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ rẹ̀ kò wà nínú ewu tó ẹni tí kò rí ibì kankan lọ.

Àwọn ará Ìlú Ọba kan ti wá rí ọgbọ́n dá sí i. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: àwọn tí ó ju 1,200 lọ da owó jọ, ó ju mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn lọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa ra irú ilé wọ̀nyí pátápátá, kí onílé má baà lè lé orin jáde mọ́. Ní ọdún 2023 ni wọ́n ra èkínní, The Snug, ní ìlú kékeré Atherton. Ọgbọ́n yìí sàn ju ti Liverpool lọ, ìlú tí ó jẹ́ kí a wó Cavern, ilé tí àwọn Beatles ti dàgbà, ní ọdún 1973 nítorí ọ̀nà ojú irin, tí a sì wá tún òmíràn kọ́ ní ọdún 1984 nígbà tí àlejò ń wá a tí kò rí i.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí ilé. Orin jùjú tí Tunde King gbà sínú àwo ní Èkó ní ọdún 1936 kò ti inú gbọ̀ngán ńlá jáde. Fẹlá kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n Afrika Shrine ni ó ti ń dán orin tuntun wò níwájú àwọn tí ń wá síbẹ̀ déédéé, kí ó tó gbà á sínú àwo. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ iyì ilé. Wọ́n ṣí New Afrika Shrine ní Ìkẹjà ní ọdún 2000, lẹ́yìn ikú baba wọn. Ṣùgbọ́n ìlú mélòó nínú ìlú wa ni ó ní ilé kan tí ọmọ onísákárà, onígìtá tàbí akéwì tí a kò tíì mọ̀ lè dúró sí lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀? A ń ná owó fún olókìkí lóde ìnáwó. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Ta ni ń san owó fún ẹni tí a kò mọ̀?

Mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka Ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan ra ilé kékeré kan, kí ìwé rẹ̀ jẹ́ ti ìlú, kí a má sì háyà. Kí ẹ̀yin olóyè máa wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì san owó lẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo ènìyàn, nítorí ọ̀fẹ́ àwọn ènìyàn ńlá ni ó ń kọ́kọ́ pa irú ilé bẹ́ẹ̀. Kí àwa ọ̀mọ̀wé sì máa lọ ní ọjọ́ òjò pẹ̀lú, nígbà tí àwọn tí ó wá kò bá pé ogún.

Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí orísun wa gbẹ lójú wa. Àṣẹ.