Àjẹsára Ṣáájú Àgò

Ní Ọ̀fàdà, ìlú tí ìrẹsì sọ di olókìkí, ìdílé tó bá fẹ́ fi abo adìẹ márùn-ún àti àkùkọ kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn lẹ́yìnkùlé kò níí wá oúnjẹ wọn jìnnà. Ohun tí í máa tú àgò ká ni àrùn Newcastle, èyí tó sábà máa ń jà nígbà ọyẹ́. Kò ní ìwòsàn. Ó lè pa gbogbo adìẹ ilé láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí owó ìwé ọmọ sì bá a lọ.

Àjẹsára rẹ̀ wà. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe é; òmíràn kò ju ẹ̀kán kan lójú adìẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìgò kan sábà máa ń tó ọgọ́rùn-ún adìẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò rà á nítorí mẹ́fà?

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Kí àdúgbò dáwó jọ kí ọyẹ́ tó dé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé sì rán oníṣègùn ẹran sí wọn. Ẹni tó ra adìẹ tí kò ra àjẹsára, ikú ló ń sin adìẹ fún.