Wádìí Kí O Tó Parẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi láti ilẹ̀ gbogbo, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Server kékeré ọ́fíìsì wa kígbe pé àyè ti tán. Àwọn kan ní kí a pa èsì ìdánwò àtijọ́ rẹ́. Mo kọ̀. Àṣẹ df wí pé àyè ṣì pọ̀; df -i ni ó tú àṣírí. Inode ni ó tán: àká kò kún, ìwé tí Linux fi ń kọ ẹrù sílẹ̀ ni ó kún, nítorí àìmọye fáìlì wẹ́wẹ́ tí kò wúlò mọ́. A kó ìwọ̀nyí dànù, ariwo sì dákẹ́. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá tíì wádìí kò gbọdọ̀ pa ohunkóhun rẹ́. Èsì tí a bá sọ nù lónìí lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ẹni tí ó ti padà sí ìlú rẹ̀ ní.