Itan Ìyá Kì í Ṣe Bẹ́líìtì

Tí ìdílé kan bá ń múra àtifò láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ohun tí wọn kì í bójú tó: físà, ìwé ìrìnnà, iye kìlò tí báàgì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ tí àwọn ará ọ̀hún ti bẹ̀ wọ́n fún. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sábà bèèrè ni ibi tí ọmọ ọdún kan ààbọ̀ máa jókòó sí nínú mọ́tò tó máa gbé wọn kúrò ní Heathrow. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ bèèrè, èsì tó máa gbọ́ ni pé bùọ̀dá wọn ń bọ̀ wá gbé wọn, ìyá á gbé ọmọ lé itan, ó tán. Kò tán. Kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló yẹ kí wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ síìtì ọmọ.

Òfin gan-an wà lára ohun tó ń ṣi òbí lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ló ń jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 wà lórí itan òbí rẹ̀ láti Èkó títí dé Atlanta, tí wọn á sì gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbà lórí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ní kí ọmọ máa lo síìtì tirẹ̀ nínú mọ́tò títí tó máa fi pé ọdún 12 tàbí tó máa fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Òfin kan náà ló tún gbà pé tí takisí kò bá ní síìtì ọmọ, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 lè jókòó sẹ́yìn láìde bẹ́líìtì kankan. Òbí tó bá gbọ́ èyí á ní, tí òyìnbó bá ti fọwọ́ sí i, kò séwu. Ewu ń bẹ. Onítakisí kò lè máa gbé síìtì oríṣi mẹ́ta kiri nínú búùtù. Òun ni òfin yẹn ṣàánú, kì í ṣe ọmọ.

Òfin bàálù ti Amẹ́ríkà tún wá díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1989, ẹ́ńjìnnì ìrù bàálù DC-10 kan tó jẹ́ ti United Airlines fọ́ lójú ọ̀run, ó sì ba ohun tí àwọn awakọ̀ fi ń darí rẹ̀ jẹ́. Wọ́n fọgbọ́n wà á dé Sioux City ní ìpínlẹ̀ Iowa, ibẹ̀ ló já sí, tó sì gbiná. Èèyàn 296 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó yè lé ní 180. Ọmọ mẹ́rin ni kò ní ìjókòó tiwọn. Ìlànà ìgbà náà ni pé kí òbí gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, kó dì í mú ṣinṣin, ohun tí Jan Brown, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù náà, sì ní kí wọ́n ṣe nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Jan Brown fi ń bẹ ìjọba lẹ́yìn náà pé kí wọ́n fòfin de gbígbé ọmọ lé itan. NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀, kín in lẹ́yìn. FAA, tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú, kọ̀. Ìdí tí wọ́n sọ fún àwọn aṣòfin ní 1995, tí wọ́n tún tẹnu mọ́ ní 2005, ni pé tí wọ́n bá fi dandan mú òbí ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ọwọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé á pa bàálù tì, wọn á wa mọ́tò, àwọn ọmọ tó máa kú lójú títì á sì pọ̀ ju èyí tí òfin náà máa gbà là lọ.

FAA kò fìgbà kan sọ pé itan dára. Títí dòní ni wọ́n ń kìlọ̀ pé ọwọ́ òbí kò lè di ọmọ mú tí bàálù bá mì lójijì. Ìṣirò títì ni wọ́n ṣe, ìṣirò náà sì lè bá ará Ohio tó fẹ́ lọ sí Florida mu. Ìdílé tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Houston ńkọ́? Títì wo ni wọ́n fẹ́ gbà? Àyè tí wọ́n yọ̀ǹda fún ẹlòmíì ni òbí tiwa wá fi ń tu ara rẹ̀ nínú.

Síbẹ̀, owó ṣòro. Bí náírà ṣe wà yìí, tíkẹ́ẹ̀tì kan sí i lè da gbogbo ètò rú, ẹni tó bá ń bú òbí nítorí ẹ̀ kò tíì bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ẹni tágbára rẹ̀ bá ká a, kó ra ìjókòó fún ọmọ, kó gbé síìtì tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ṣeé lò nínú mọ́tò àti bàálù, kó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kó má bàa dínà mọ́ ẹlòmíì. Búsítà, èyí tó kàn ń gbé ọmọ ga lásán, kò wúlò nínú bàálù, torí bẹ́líìtì ibẹ̀ kò dé èjìká. Ẹni tágbára rẹ̀ kò ká a, kó bèèrè ní káńtà bóyá àyè ṣófo. Wọ́n máa ń ṣojú àánú nígbà míì. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lowó máa tó, kí owó náà bá títì lọ. Bàálù tó já ṣọ̀wọ́n. Mọ́tò tó kọ lu ara wọn kò ṣọ̀wọ́n níbì kankan, NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú títì ní Amẹ́ríkà, sì ṣírò rẹ̀ pé nínú ọkọ̀ kékeré, síìtì ọmọ ń dín ikú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kù ní ìdá 71 nínú 100, ó sì ń dín ti àwọn tó jù wọ́n lọ díẹ̀ kù ní ìdá 54.

Èwo wá ni kí wọ́n rà? Èyí tí òfin ibi tí wọ́n ń lọ bá mọ̀ ni. Síìtì tó bófin mu ní Lọ́ńdọ̀nù ní lẹ́tà E nínú òbìrípo, pẹ̀lú R44 tàbí R129 lára. Ti Amẹ́ríkà ní FMVSS 213. Àǹtí tó wà ní Houston, tó ra síìtì olówó ńlá ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Manchester, ti náwó sófo, torí kò bófin mu níbẹ̀. Ojú lásán tilẹ̀ lè fi ìyàtọ̀ náà hàn: ti Amẹ́ríkà máa ń ní ike kan láyà tó ń so okùn èjìká méjèèjì pọ̀. Ti Yúróòpù kì í ní in, nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá sáré dé ibi ìjàǹbá lè tẹ ibì kan ṣoṣo kó sì tú ọmọ sílẹ̀. Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹni tó máa gbàlejò ra síìtì kalẹ̀. Kí òbí fi gíga àti ìwọ̀n ọmọ ránṣẹ́ sí i, kí òun náà wo mọ́tò rẹ̀ bóyá irin ISOFIX tí wọ́n ń so síìtì mọ́ wà lẹ́yìn.

Kó má sì jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọn ò mọ orírun rẹ̀. Fíríìjì tòkunbọ̀ tó bá daṣẹ́ sílẹ̀, ọbẹ̀ ló máa kan. Síìtì tó ti rí ìjàǹbá rí lè máa dán bíi tuntun kí ike rẹ̀ ti sán nínú. Wọ́n máa ń tẹ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí abẹ́ rẹ̀, òmíràn sì ní ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ará ìjọ kó dojú rẹ̀ délẹ̀, kó wò ó.

Ibi tí ìyá àgbà àti ìyá ọmọ ti máa ń tako ara wọn ni ti kíkọjú sẹ́yìn. Ìlànà R129 kò jẹ́ kí ọmọ kọjú síwájú kó tó kọjá oṣù 15. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní 2018 ní kó máa kọjú sẹ́yìn títí tó máa fi ju ohun tí síìtì náà lè gbà lọ. Ìyá àgbà á ní ọmọ kò rí ìta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká kò. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ orí ọmọ wúwo fún ọrùn rẹ̀, egungun ọrùn náà kò sì tíì gbó. Tí mọ́tò bá dúró gbì, ọmọ tó kọjú síwájú, orí ló máa ń fà á lọ. Tó bá kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn síìtì náà ló máa gba gbogbo agbára ọ̀hún. Ẹsẹ̀ tó ká kò kì í pa ọmọ.

Àríyànjiyàn kejì ni ti jákẹ́ẹ̀tì. Ìdílé tó bá balẹ̀ nínú oṣù Kejìlá, òtútù ni ọ̀tá tí wọ́n mọ̀; wọn á ti fi jákẹ́ẹ̀tì onífóòmù di ọmọ bámúbámú kí wọ́n tó jáde síta, wọn á sì de okùn síìtì lé e lórí. Okùn náà á dà bíi pé ó le. Tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, fóòmù á tẹ̀, àyè á ṣí sílẹ̀, ọmọ lè yọ bọ́ láàárín okùn. Kí wọ́n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀, kí wọ́n fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún okùn náà níbi èjìká: tó bá ṣẹ́ po láàárín ìka, kò tíì le tó. Tó bá le tán, kí wọ́n wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ọmọ lórí okùn.

Àwọn tó lọ bímọ sí Amẹ́ríkà mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ibẹ̀ ni kì í fẹ́ kí ìyá gbé ọmọ tuntun wọ mọ́tò láìsí síìtì. Wọn á rà á, wọn á lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn á fi lọ́rá wé e padà sílé, síìtì á wà nínú búùtù lórí afárá Third Mainland, ọmọ á wà lórí itan. Ọ̀pọ̀ síìtì ọmọ ọwọ́ ló sì ṣeé fi bẹ́líìtì mọ́tò lásán so láìlo ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń gbé e lé, bí ìwé tó bá a wá ṣe là á sílẹ̀. Bẹ́líìtì ẹ̀yìn tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ló kù, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń gbé èrò ní Ìkẹjà sì ti tẹ tiwọn bọ abẹ́ tìmùtìmù. Kí ẹni tó máa lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ fà á jáde lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó kì í bọ ojú ihò rẹ̀, kó gbọ́ bóyá ó ké.