Agolo Kọ́ Ló Ń Yọ Àlìkámà Kúrò Nínú Ata

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ gluten kò nílò ìwé. Kó ra búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò, kó di orí àti ìdí rẹ̀ mú, kó fà á. Fífà tó ń fà, tí kì í fẹ́ já yẹn, iṣẹ́ gluten ni: èròjà inú àlìkámà tó máa ń lẹ̀ mọ́ra tó sì ń nà bí omi bá kan ìyẹ̀fun tí wọ́n sì pò ó. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà, ló sọ búrẹ́dì di òwò ńlá l'Ékòó láti ọdún 1921. Nígbà tó yá, búrẹ́dì tó ń fà yìí gba orúkọ Agége, orúkọ náà ò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Bí ìlú kan bá wà ní Nàìjíríà tó jẹ́ pé gluten ló gbé orúkọ rẹ̀ kiri, Agége ni.

Ó wá yani lẹ́nu pé láàárín Agége àti Ìkẹjà yìí kan náà ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ gluten dẹ́rù ba aráàlú. Wọ́n ní ẹni tí dókítà bá ní kó má jẹ àlìkámà mọ́, ọbẹ̀ ilé wa ti parí fún un. Àfi kó lọ wá èlò ọbẹ̀ inú agolo tí wọ́n kọ “gluten-free” sí lára, ní súpámákẹ́ẹ̀tì olówó ńlá, tàbí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù dì í sínú àpótí fún ẹni tó ń bọ̀ wálé. Èyí tí wọ́n bá kọ ọ́ sí lára ló mọ́, èyí tí wọn ò kọ ọ́ sí lára ló léwu. Ìgbàgbọ́ yẹn ni ìwé yìí fẹ́ wó.

Ọkà mẹ́ta péré ni gluten tó ń da ìfun láàmú ti ń wá: àlìkámà, ọkà báálì àti ráì. Ata rodo, ṣọ̀ǹbọ̀, alùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀, èèrù, ìyèré, atààre, kànáfùrù, ẹ̀fínrín, edé, irú: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá ọkà wọ̀nyí tan. Àgbàdo ò bá wọn tan lọ́nà yìí, ọkà bàbà náà kò bá wọn tan, ká má tíì sọ gbágùúdá àti iṣu. Ẹni tó kọ ọ́ sára agolo ata pé kò ní gluten dà bí ẹni tó kọ “kò léegun” sára píọ̀ wọ́tà. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n owó òótọ́ náà ti pọ̀ jù.

Àwa àgbà tí a wà láyé lọ́dún 1987 rántí pé ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé láti òkè òkun. Búrẹ́dì wọ́n. Àwọn aláṣebúrẹ́dì ké gbàjarè. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún fòfin de mọ́ọ̀tì ọkà báálì, àwọn ilé ọtí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkà bàbà àti àgbàdo ṣe ọtí. Ta ló gbọ́ nígbà náà pé ẹ̀fọ́ rírò ò ṣeé sè mọ́ nítorí pé àlìkámà ò wọlé? Ìkòkò ọbẹ̀ wa ò fi ìgbà kan gbára lé e.

Àwọn kan á ní, kí ló kàn wá nínú àrùn celiac, àìsàn ìfun tí gluten ń dá sílẹ̀, ṣebí àìsàn òyìnbó ni. Rárá o. Lóòótọ́, Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Holland, ló tú àṣírí àrùn celiac: ó ti ń fura sí búrẹ́dì tẹ́lẹ̀, ìgbà tí ìyàn ogun sì mú ní ìparí 1944, tí búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, ara àwọn ọmọ tó ní àrùn náà ń yá. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti rí àrùn yìí tó pọ̀ jù lọ láyé kì í ṣe Holland. Àárín àwọn ará Sàhárà ní ìwọ̀-oòrùn ni, ní Áfíríkà níbí. Bí a bá kó gbogbo ayé pọ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ gluten, ara rẹ̀ á dojú ìjà kọ ìfun ara rẹ̀. Inú á máa wú, ìgbẹ́ á máa ya, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lára rẹ̀. Ẹni tí kò ní in, tí àlìkámà kò sì bá ara rẹ̀ jà lọ́nà mìíràn, kò ní èrè kankan láti fi sá fún un. Kó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Mo gbà pé àmì ara agolo lè wúlò níbì kan. Òfin Codex tí àgbáyé ń tẹ̀ lé láti 2008 sọ pé oúnjẹ tí a bá pè bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 gluten lọ nínú kílò kan. Kí ni ìyẹn jẹ́? Nínú gíráàmù kan ìyẹ̀fun àlìkámà, nǹkan bí mílígíráàmù 100 gluten ló wà. Ìyẹn ni pé gíráàmù kan péré, tí kò kún ṣíbí tíì, tó láti mú kílò márùn-ún ata lílọ̀ dé ibi tí òfin pa ààlà sí. Ata ò ṣẹ̀. Ibi tí ìyẹ̀fun náà ti kò ó ló yẹ ká wò.

Ẹ lọ dúró sí ìdí ẹ̀rọ ìlọta gbígbẹ ní ọjà Òkè-Kótó l'Ágége tàbí ní Ìpodo n'Ìkẹjà. Ìyá kan á gbé èlùbọ́ wá. Ẹlòmíì á gbé àgbàdo àti sóyà fún ògì ọmọ. Lẹ́yìn wọn ni ẹni tí ọkọ rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà á gbé àlìkámà dé, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé òkèlè àlìkámà ló dára fún ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ata gbígbẹ tiyín. Ẹ ní kí alẹ́rọ gbọn ẹnu ẹ̀rọ, ó á gbọ̀n ọ́n. Ẹ da ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ kan sí i kó fi fọ̀ ọ́, ó á dín in kù, ṣùgbọ́n kò ní tán. Ata tó mọ́ wọ inú ẹ̀rọ, ata tó ti kó àlìkámà ló jáde, kò sì sí ojú tó lè rí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni yájì tí àwọn ará Hausa ń tà l'Ágége. Kúlíkúlí, atalẹ̀, ata, èèrù, iyọ̀: ẹ̀pà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àlìkámà ò sí níbẹ̀. Àmọ́ òróró tí wọ́n fi dín kúlíkúlí náà ńkọ́, ṣé òun kọ́ ni wọ́n fi dín pọ́fùpọ́fù láàárọ̀? Ọ̀bẹ tí ẹlẹ́ran fi la búrẹ́dì fún oníbàárà tó fẹ́ kì súyà sáàárín rẹ̀, òun náà ló fi gé tiyín. Kọrí nílé ìtajà ńkọ́? Òmíràn ní ìyẹ̀fun nínú tí wọ́n fi sọ ọ́ di púpọ̀. Sóyà sọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń se fúráì ráìsì, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àlìkámà àti sóyà tí wọ́n jọ pọn. Kúùbù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sì lè ní èròjà ọ̀tọ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀tọ̀ ní Jámánì, nítorí náà ẹ máa ka ẹ̀yìn páálí. Ajínọmótò tí àwọn kan ń sá fún nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe gluten rárá. Láti ara ìrèké tàbí gbágùúdá ni wọ́n ti ń pọn ọ́n báyìí.

Èrò kan tún wà lábẹ́ gbogbo èyí: pé ilé-iṣẹ́ ló mọ bí a ti ń ṣe adùn, àwa kàn ń gbìyànjú ni. Ẹ jẹ́ ká wo Agídíngbí n'Ìkẹjà, níbi tí ilé-iṣẹ́ Cadbury wà. Lọ́dún 1991, Cadbury Nigeria, àwọn oní-Bournvita, sọ irú di kúùbù, wọ́n pè é ní Dadawa. Owó wà, ẹ̀rọ wà, ìpolówó wà. Ọjà náà ò gbà á bí wọ́n ti rò. Èrò tèmi ni pé irú kì í ṣe adùn kan ṣoṣo: irú wooro ní tirẹ̀, irú pẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀, obìnrin tó sè é, tó bó o, tó tún un sè, tó wé e mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ méjì mẹ́ta kó tó ta, ó mọ ẹni tó ń rà á. Kúùbù mìíràn, tí kì í ṣe ti irú, ló gba ìdáná wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó pọ́ọ́kú àti ìrọ̀rùn ló fi gbà á.

Nítorí náà, ẹ ṣe é nílé. Odindi ni kí ẹ máa rà á, ẹ má ra lílọ̀. Ata gbígbẹ odindi, atalẹ̀ gbígbẹ, èèrù, kànáfùrù. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ funfun, kí ẹ ṣà á níkọ̀ọ̀kan, nítorí àpò tí wọ́n fi kó ọkà rí lè tún di àpò ata. Irú gba sùúrù jù lọ: ẹ ṣàn án, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú oòrùn tàbí inú ààrò tí iná rẹ̀ kéré, títí tí yóò fi máa ṣẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbẹ dé inú, èbu á ta sínú ìgò. Ife irú gbígbẹ kan, ife edé gbígbẹ kan, ìdajì ife ata, ṣíbí atalẹ̀ méjì, èèrù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, aáyù gbígbẹ díẹ̀: ẹ jọ lọ̀ ọ́. Ẹ má bu iyọ̀ sí i, ìkòkò ni kẹ́ ẹ ti máa wọn iyọ̀. Ẹ̀rọ ìlọta kékeré tí ìyẹ̀fun ò wọ̀ rí ni kí ẹ lò, odó tuntun náà dára. Odó tí wọ́n ti gún àlìkámà nínú rẹ̀, ẹ má dán an wò, igi máa ń pa á mọ́. Ẹ ṣe ìwọ̀nba tí ẹ lè lò tán ní oṣù kan.

Ẹnìkan á ní, tèmi ò ní nọ́ńbà NAFDAC. Nọ́ńbà NAFDAC ń sọ pé wọ́n forúkọ ọjà sílẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò sí àlìkámà níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù, fún àwọn tí inú ń run tí wọ́n ti fẹ́ ju búrẹ́dì nù lónìí. Ẹ má tíì jù ú. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà, ẹ ní kó bá yín yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àrùn celiac nígbà tí ẹ ṣì ń jẹ àlìkámà. Ohun tí àyẹ̀wò náà ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ bí àlìkámà bá ti kúrò lẹ́nu, ìwé àyẹ̀wò lè wá sọ pé kò sí nǹkan kan, nígbà tó sì wà níbẹ̀.