Ikú Ilé, Ikú Òde, àti Stephen Keshi

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. N kò sì mọ iṣẹ́ kan tí òwe náà bá mu tó iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí a fi sí ẹ̀yìn, ẹni tí ó jẹ́ pé ikú òde ni ó ń fi ojoojúmọ́ dojú kọ, tí kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé bí òun fúnra rẹ̀ bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, inú àwọ̀n ilé òun ni bọ́ọ̀lù yóò sùn sí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Stephen Keshi ṣe fún ilẹ̀ Nàìjíríà fún ọdún mẹ́wàá ó lé, kí ó tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi yanjú àríyànjiyàn kan tí kì í tán lẹ́nu àwọn olùfẹ́ bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa. Wọn a máa wí pé Keshi mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n agídí rẹ̀ ló bà á jẹ́. Wọn a gbé ìmọ̀ rẹ̀ sí apá kan, wọn a gbé agídí rẹ̀ sí apá kejì, bí ẹni pé ènìyàn méjì ni. Èmi wí pé ohun kan náà ni méjèèjì, àti pé ẹni tí ó bá yọ agídí kúrò lára ọkùnrin náà, ó ti yọ ife ẹ̀yẹ 2013 kúrò lọ́wọ́ Nàìjíríà pẹ̀lú.

Ìran Illah tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí ni. Azare nílẹ̀ Bauchi ni a bí i sí ní 1962. Ṣùgbọ́n Èkó ni ó ti jáde bí agbábọ́ọ̀lù, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Finbarr's ní Akọka, ilé-ẹ̀kọ́ tí Fadá Denis Slattery, ará Ireland tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù jẹ lọ́kàn bí ọ̀rọ̀ ìwé, dá sílẹ̀, níbi tí Henry Nwosu náà ti jáde wá. Láti ibẹ̀ ni ọmọdékùnrin gìrìwò náà ti bọ́ sí ẹgbẹ́ New Nigeria Bank ní Benin, kò sì pẹ́ tí aṣọ aláwọ̀ ewé orílẹ̀-èdè wa fi bọ́ sí i lọ́rùn. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí, àárín gan-an, níwájú aṣọ́lé.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi ti fìdí múlẹ̀. Àwa òǹwòran kì í pàtẹ́wọ́ fún ará ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni à ń gbé lé èjìká, bí a ti ṣe fún Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Ràṣídì Yẹkínì, èyí sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ará iwájú lè fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ wo ilé ọ̀tá nìkan kí ó sì di akọni. Ará ẹ̀yìn ni gbogbo pápá ń bẹ níwájú rẹ̀, tí ó ń rí ẹ̀yìn àwọn tirẹ̀ àti ojú àwọn tí ń bọ̀ wá jà á lólè, tí ó ní láti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí ẹni tí ó fẹ́ gbá a tó mọ̀, tí ó sì ní láti máa kígbe pé kí eléyìí súnmọ́, kí tọ̀hún padà, láìbìkítà bóyá inú wọn dùn sí i. Kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tún ń ṣe ju èyí lọ? Ará ẹ̀yìn tí ó bá sì ń tijú láti pàṣẹ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó ń yẹ̀ fún ẹni tí ń fi ara bọ̀ lù ú, kò ní pẹ́ títí tí wọn yóò fi wá ẹlòmíràn. Àìyẹ̀ ni ọjà tí ó ń tà. Àìyẹ̀ yìí náà ni àwọn ènìyàn ń pè ní agídí nígbà tí ó bá kúrò lórí pápá tí ó bá wọ ọ́fíìsì.

Ìjà òun àti ọ́fíìsì kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní 1985, nígbà tí ó ti kópa nínú àṣekágbá ilẹ̀ Áfíríkà tí a ti pàdánù fún Cameroon ní Abidjan lọ́dún kan ṣáájú, àjọ tí ń darí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa dá a dúró nítorí ọ̀rọ̀ àgọ́ ìgbaradì. Ẹlòmíràn ì bá lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ìjòyè. Bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí, òun sì bọ́ sí Côte d'Ivoire, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stade d'Abidjan àti Africa Sports, láti ibẹ̀ ó dé Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀mù, nígbà tí ó sì di 1987 Anderlecht, ìyá ẹgbẹ́ ní ìlú Brussels, ti gbà á. Ibẹ̀ ni ó ti gba ife, ibẹ̀ ni ó ti dé àṣekágbá ilẹ̀ Yúróòpù ní 1990, níbi tí Sampdoria ti borí wọn. Ọ̀nà tí ó là yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà gbà wọ Bẹ́ljíọ̀mù lẹ́yìn rẹ̀. Ojú tí ó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Nítorí náà kí ẹnu má ya ẹnikẹ́ni pé nígbà tí ó padà wá láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ìjòyè bọ́ọ̀lù, kò wárìrì.

Ẹ wo 1994. Òun ni balógun ikọ̀ tí ó gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà, síbẹ̀ kò gbá bọ́ọ̀lù nínú àṣekágbá tí wọ́n fi borí Zambia pẹ̀lú góólù méjì sí ọ̀kan. Bẹ́ńṣì ni ó ti wò ó. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lọ́dún náà, ìdíje Gíríìsì nìkan ni ó gbá. Balógun tí ó jókòó! Ó dun ọkùnrin, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ pé orúkọ kì í gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ni ń gbá a.

Ẹ̀kọ́ yìí ni ó gbé lọ sí Tógò gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Orílẹ̀-èdè kékeré tí kò dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí ni Keshi fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ọ̀nà, tí wọ́n fi fẹ̀yìn Senegal balẹ̀, tí wọ́n sì borí Congo ní Brazzaville ní Oṣù Kẹwàá 2005 láti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì Jámánì. Góólù mọ́kànlá ni Emmanuel Adebayor, ọmọ Lomé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́rìí sí orísun rẹ̀ láàárín wa, gbá sáwọ̀n lójú ọ̀nà náà. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì ní 2006, tí èdè-àìyedè bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, Keshi fi ọmọ náà sí bẹ́ńṣì. Tógò pàdánù gbogbo ìdíje mẹ́ta, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, Otto Pfister ará Jámánì sì ni ó jókòó sórí àga tí ẹlòmíràn gbẹ́. Pfister náà pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Jámánì. N kò sọ pé Keshi kò jẹ̀bi rárá nínú ọ̀ràn Adebayor. Àgbà kì í bá ọmọdé du àga lójú ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní fi Málì bò mọ́lẹ̀, níbi tí ikọ̀ rẹ̀ ti jẹ góólù mẹ́rin lọ́wọ́ Angola ní 2010 kí wọ́n tó sá padà dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun ìtìjú díẹ̀ fún ará ẹ̀yìn, tí wọ́n sì lé e kí oṣù náà tó parí.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Gúúsù Áfíríkà ní 2013, nígbà tí ó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà. Joseph Yobo ni balógun, ará ẹ̀yìn ni, bí Keshi ti jẹ́ nígbà tirẹ̀. Keshi fi í sí bẹ́ńṣì. Ó fi Kenneth Omeruo, ọmọdé, àti Godfrey Oboabona, tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars ní Àkúrẹ́, sí àárín ẹ̀yìn. Ó fi Osaze Odemwingie sílẹ̀ nílé, ariwo sì ta. Ó mú Sunday Mba tí ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ẹni tí ó yà wá lẹ́nu pé láti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni góólù ti jáde, nígbà tí ó ku ikọ̀ mẹ́jọ tí wọ́n lé Côte d'Ivoire lọ, àti ní ọjọ́ 10 Oṣù Kejì, nígbà tí góólù kan ṣoṣo rẹ̀ ṣẹ́gun Burkina Faso ní Johannesburg. Ọdún mọ́kàndínlógún ni a ti ń retí ife náà. Otto Glória ará Brazil ni ó fi 1980 gbà á fún wa, Clemens Westerhof ará Netherlands ni ó gba ti 1994. Keshi ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì nìkan ni ó ti gbà á rí gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ará iwájú sì ni El-Gohary. Ẹ bi ara yín: onípẹ̀lẹ́ wo, ẹni wo tí ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ìjòyè yóò wí, ni ì bá fi balógun orílẹ̀-èdè jókòó ti ọmọ Àkúrẹ́?

Ní ọjọ́ kejì ayọ̀ náà ni ó kéde lórí rédíò pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ń gbìmọ̀ àtilé òun kí wọ́n tó bá Côte d'Ivoire pàdé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó padà. Owó-oṣù rẹ̀ a sì máa pẹ́ kí ó tó wọlé. Ní Brazil ní 2014 ó mú wa dé ìpele tí a kò tíì dé láti 1998, kí Faransé tó lé wa. Nígbà tí ó di Oṣù Kẹwàá, wọ́n lé e, ìjọba pàṣẹ kí wọ́n dá a padà. Wọn kò rí ọ̀nà lọ sí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà 2015, àléébù gidi ni èyí, ó sì tún lọ. Wọ́n fún un ní ìwé àdéhùn tuntun ní Oṣù Kẹrin 2015. Wọ́n tún lé e ní Oṣù Keje, pẹ̀lú ẹ̀sùn pé ó ń wá iṣẹ́ ní Côte d'Ivoire, ẹ̀sùn tí ó sẹ́. Ikú òde kò rí i gbéṣe.

Aya rẹ̀ kú ní òpin ọdún náà. Òun fúnra rẹ̀ kú ní Benin ní Oṣù Kẹfà 2016. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè: orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fún pápá ìṣeré Asaba.

Ẹni tí ó bá ṣì ń wí pé ìwà Keshi ló lé e, kí ó gbọ́ èyí. Ní Oṣù Kẹjọ 2016, àjọ kan náà gba Gernot Rohr, ará Jámánì tí òun náà jẹ́ ará ẹ̀yìn nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Bordeaux. Ó gba ipò kẹta nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì ní 2019, kò gba ife kankan. Ọdún márùn-ún ó lé ni ó lò, títí di Oṣù Kejìlá 2021.