Kí ni àwọn ọ̀dọ́ Bétérou ń mú bọ̀ láti ìrìn-àjò?

Bétérou wà ní etí odò Ouémé, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Parakou, nínú kọ̀múùnù Tchaourou tí ó fẹ̀ ju gbogbo kọ̀múùnù yòókù lọ ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn Nàgó, àwọn Bàrìbá, àwọn Fúlàní àti àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kúrò ní Atacora láti rí ilẹ̀ dáko ni wọ́n jọ ń gbé agbègbè náà. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ojú ọ̀nà kì í ṣófo. Àwọn kan ń wọlé, àwọn mìíràn ń jáde. Nínú àwọn tí ń jáde, àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́ lọ sí Nàìjíríà kò kéré. Nígbà tí wọ́n bá padà, ìbéèrè kan ni ẹbí àti ọ̀rẹ́ máa ń bi wọ́n lẹ́yìn ìkíni: “Kí lo mú bọ̀?” Alùpùpù, fóònù, aṣọ, páànù ìkọ́lé: ohun tí ojú rí ni a fi ń díwọ̀n ìrìn-àjò. Ohun tí arìnrìn-àjò kọ́, àti ohun tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ràn níbẹ̀, ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí ń béèrè wọn. Nígbà tí owó ṣì ń wọlé, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára púpọ̀. Lónìí, ó ti di ọ̀ràn.

Náírà kò ra ohun tí ó ń rà mọ́

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣirò náà rọrùn. Ọ̀dọ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó gba owó ní náírà, ó pààrọ̀ rẹ̀ sí sẹ́fà, ó fi kọ́lé tàbí kí ó fi gbéyàwó. Òfin kò dí i lọ́nà: àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí ní 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ náà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn ni oṣù kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e wúwo ju ìyẹn lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sì fò sókè. Ní oṣù kẹfà, ó fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Dọ́là kan, tí ó jẹ́ nǹkan bí náírà 460 ní iye ìjọba ṣáájú ìgbà náà, ti kọjá náírà 1 500 ní oṣù kejì ọdún 2024. Sẹ́fà so mọ́ yúrò, nítorí náà kò bá náírà ṣubú. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọmọ Bétérou kò ṣòro: bí a bá fi iye ìjọba ṣe ìṣirò, náírà tí ó fi pamọ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ì bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ nígbà tí ó bá di sẹ́fà.

Ẹni tí ó lọ ní 2022 tí ó sì padà ní 2024 lè ti ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe, kí ó má sì lè ra alùpùpù. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àpà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àtijọ́ náà ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé.

Ohun tí kò sí nínú àpò

Ìgbà tí ènìyàn ti kúrò ní ọmọdé, tí ẹrù ilé kò sì tíì wọ̀ ọ́ lọ́rùn tán, ni ọkàn máa ń ṣí sí ohun tuntun. Ní abúlé, àwọn àgbà ni ó ń pín ọjọ́ fún ọ̀dọ́: oko, iṣẹ́ ilé, ìnáwó ẹbí. Ní ìlú òkèèrè, bí iṣẹ́ bá ti parí, ìrọ̀lẹ́ di tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń rí iṣẹ́ ìgbafẹ́, ìyẹn ohun tí ènìyàn ń ṣe nítorí pé ó wù ú, tí kì í ṣe nítorí pé wọ́n rán an. Ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ sí fi fóònù ya àwòrán, kí ó sì mọ bí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti ọ̀sán. Ẹlòmíràn lè kọ́ bí a ṣe ń tún rédíò tí ó bàjẹ́ ṣe, tàbí bí a ṣe ń se oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ kò sè rí.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí ó kan ọmọ Nàgó ní pàtàkì. Ní ilé-ẹ̀kọ́, èdè Faransé ni ó fi kọ́ ìwé. Èdè ìyá rẹ̀ wà fún ẹnu nìkan. Bí ó bá dé Ìlọrin, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ó ń rí èdè yẹn, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, nínú ìwé ìròyìn bí Aláròyé, nínú Bíbélì, nínú ìwé ìtàn. Ìwé ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti Bẹ̀nẹ̀ ń lo ɛ àti ɔ. Ti Nàìjíríà ń fi àmì sí abẹ́ e àti o. Ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ tó láti mọ ìyàtọ̀ náà. Báyìí ni ẹni tí kò ka ìwé fún ìgbádùn rí ṣe lè di òǹkàwé ní ẹni ọdún méjìlélógún, nílùú tí ó jẹ́ pé lébìrà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Nígbà tí ó bá padà sílé, kò sí ìwé ìròyìn láti rà, kò sí ẹgbẹ́ tí yóò jọ kà á, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, àṣà tuntun náà kú. A sọ pé ó mú nǹkan bọ̀ tàbí kò mú nǹkan bọ̀, èyí tí ó ṣòro jù lọ láti rà lọ́jà sì sọnù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ròyìn tiwọn

Kò yẹ kí a rò pé irú ọ̀rọ̀ yìí kò ní àpẹẹrẹ nítòsí. Tété-Michel Kpomassie, ọmọ Tógò tí a bí ní 1941, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó rí ìwé kan nípa Groenland ní ilé ìtàwé ní Lomé. Orí rẹ̀ wú. Ó fi ilé sílẹ̀, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ó bá dé, láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí ó fi wọ Yúróòpù. Ó gbà á ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ kí ó tó gúnlẹ̀ sí Groenland ní 1965. Níbẹ̀, ẹni tí a tọ́ dàgbà lábẹ́ igi àgbọn kọ́ bí a ṣe ń darí àwọn ajá tí ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín, àti bí a ṣe ń pẹja nínú omi tí ó ti dì. Kì í ṣe ọrọ̀ ni ó kó bọ̀. Ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, èyí tí ó dùn àti èyí tí kò dùn. Ìwé náà, L'Africain du Groenland, jáde ní 1981, a sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè púpọ̀.

Àwọn Yorùbá kò gbàgbé Ọlábísí Àjàlá: títí di òní, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé ni wọ́n ń pè ní Àjàlá. Ní 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles. Lẹ́yìn náà ó gun alùpùpù la orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọjá, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1963. D. O. Fágúnwà, tí a mọ̀ sí òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, ròyìn ìrìn-àjò rẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní èdè Yorùbá gan-an. Apá kìíní ìwé náà, Ìrìnàjò, jáde ní 1949. Ní 2024, ọ̀dọ́bìnrin kan, Pelumi Nubi, wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó, ó sì gba Bẹ̀nẹ̀ kọjá. Ó ń fi fídíò ròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ó ti ń lọ. Nígbà tí ìjàm̀bá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i ní Côte d'Ivoire, kò fi í pamọ́.

Ìdí tí ìròyìn wọn fi wúlò kì í ṣe pé wọ́n rìn jìnnà. Wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ́ sí èrè, wọ́n sì sọ òtítọ́ nípa ohun tí ó nira. Ìrìn-àjò láti Bétérou dé oko kan ní ìpínlẹ̀ Kwara kò gùn tó tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn tí yóò gbà á lọ́la pọ̀ ju àwọn tí yóò lọ sí Groenland lọ.

Ìtìjú ń bí irọ́

Ẹni tí a kò bi ní nǹkan mìíràn ju ẹrù lọ, bí kò bá ní ẹrù, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣẹ́kù fún un. Ó lè jókòó sí òkèèrè nítorí ìtìjú, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó lè tún gba ọ̀nà tí ó jìn tí ó sì léwu jù lọ. Ó sì lè padà wá purọ́: kí ó yá aṣọ wọ̀, kí ó ya àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ọ́, kí ó sọ pé owó pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, àbúrò tí ó gbọ́ irọ́ náà ti di ẹrù rẹ̀, ó ti bọ́ sọ́nà. Kò mọ iye tí iṣẹ́ ń mú wá nísinsìnyí, kò mọ ọ̀gá tí ń san owó àti èyí tí kì í san.

Orúkọ Bétérou kò ṣàjèjì sí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni a ti ń wọn omi Ouémé níbẹ̀, orúkọ ìlú náà sì ń jáde léraléra nínú ìwádìí lórí òjò àti odò. Odò náà ní àkọsílẹ̀. Ìrìn-àjò àwọn ọmọ etí odò náà kò ní.

Ohun tí ó ṣeé ṣe

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé ẹni tí ó yó ni ń ṣe afẹ́, àti pé ìyìn ìrìn-àjò yóò sọ oko di ahoro. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gbàgbé pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí ń bọ́ ilé lónìí ni ẹnì kan kọ́kọ́ fi ṣeré. Ní ti èkejì, ìyìn tí kò pé ni ń sọ oko di ahoro. Ẹni tí ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan òru tí wọ́n sùn síta àti oṣù tí wọn kò gbowó, yóò rò ó dáadáa kí ó tó lọ.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní àìsàn kan tí gbogbo olùkọ́ mọ̀: ẹni tí ó kọ́ ìwé kíkà parí kò rí nǹkan kà mọ́, lẹ́yìn ọdún méjì ó ti gbàgbé. Ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn lè jẹ́ oògùn rẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iṣẹ́ oko dínkù, kí a pe àwọn tí wọ́n padà dé jọ ní ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀. Kí a bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí lẹ rí? Kí lẹ kọ́? Kí lẹ fẹ́ràn níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ máa ṣe níhìn-ín? Ẹni tí ó mọ̀ọ́kọ yóò kọ ọ́ sínú kàyé, ní Nàgó, ní Bàrìbá tàbí ní Fúlàní. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò sọ ọ́ sínú fóònù kí ẹlòmíràn bá a kọ ọ́. Ẹni tí ó kọ́ àwòrán yíyà yóò ya àwòrán sí i. Rédíò ìjọba ní Parakou lè ka díẹ̀ nínú rẹ̀ ní àwọn èdè ìbílẹ̀. Owó rẹ̀ kò ju kàyé, iná àti yàrá kan tí mẹ́rì lè yọ̀ǹda.

A kò gbọdọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọbìnrin mìíràn lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé, ohun tí ojú wọn rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwùjọ. Ó yẹ kí obìnrin kan tí wọ́n fọkàn tán wà tí wọn yóò sọ ọ́ fún, kí orúkọ wọn má sì hàn nínú ìwé. Àwọn ìyókù, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Bí ọmọ ogún ọdún kan ṣoṣo bá ka kàyé náà kí ó tó wọkọ̀, tí ó mọ iye tí náírà jẹ́ àti ẹni tí yóò wò lójú níbi tí ó ń lọ, tàbí tí ó tilẹ̀ pinnu láti dúró, iṣẹ́ náà kò já sí asán.