Lórí Kẹ̀kẹ́ ní Ọ̀nà Ilẹ̀ Pupa, láti Orè dé Odìgbò àti Àgọ́ Aláyè

Láti ìgbà díẹ̀ wá ni àwọn ọ̀dọ́ kan nínú àwọn ilé tí a ti ń ka ìwé yìí ti ń bi wá léèrè nípa irú kẹ̀kẹ́ gígùn kan tí ó gbòde ní òkè òkun. Èyí kì í ṣe eré-ìje lórí títì ọlọ́dà. Ìrìn jíjìn ni, lórí ọ̀nà yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ láàárín oko àti igbó. Wọ́n ní, ibo ni a ti lè ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa? Ẹ̀rín pa wá díẹ̀. Ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ kòkó tí ó ń béèrè ibi tí ọ̀nà ilẹ̀ pupa wà, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó dúró létí odò tí ó ń béèrè omi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà dára, a ó sì dá a lóhùn, nítorí ó mú wa rántí ẹkùn kan tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ.

Ní ìlú Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ irú ìrìn yìí bí ìdíje ní 2006, igba máìlì ni wọ́n sì ń gùn láàárín oko ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń lò fẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò, táyà rẹ̀ sì gbòòrò ju ti kẹ̀kẹ́ eré-ìje lọ. Wọn kì í fẹ́ atẹ́gùn kún táyà náà dé ojú ààlà, nítorí táyà tí ó le koko a máa fò lórí òkúta, ṣùgbọ́n èyí tí ó rọ̀ díẹ̀ a máa di ilẹ̀ mú. Ọgbọ́n tuntun ni èyí lójú àwọn tí ń ta kẹ̀kẹ́ náà ní owó gọbọi. Àwọn bàbá wa tí ń fi Raleigh onírin wúwo gbé àpò kòkó, tí wọ́n sì so agbè ẹmu mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kò gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ibi tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí a fi ọwọ́ tì í, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá fún bíréèkì pa lójijì lórí yangí gbígbẹ, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀.

Ẹkùn tí a ń sọ yìí ni ti Orè àti Odìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Àgọ́ Aláyè wà. Orè ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odìgbò. Oríta ńlá ni. Títì tí ó ti Èkó wá, tí ó gba ìhà Ìjẹ̀bú-Òde, gba ibẹ̀ lọ sí Bìní. Òmíràn yà sí àríwá, ó gba Odìgbò lọ sí Oǹdó. Òmíràn sì yà sí gúúsù lọ sí Òkìtìpupa. Ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ arìnrìn-àjò mọ̀ nípa Orè kò ju ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró kí a jẹun, kí a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì, kí a sì tún gbéra. Ṣùgbọ́n bí a bá yà kúrò lórí títì, ayé mìíràn ni. Ọ̀nà oko tí ó pupa bí epo ni a ó máa bá pàdé, kòkó lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín wọn, àti àwọn abúlé kéékèèké tí orúkọ wọn fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí a pe ibì kan ní Àgọ́, ẹ ó mọ̀ pé ibi tí àwọn àgbẹ̀ kọ́kọ́ pa àtíbàbà sí ni, kí àtíbàbà náà tó di ilé, kí ilé tó di ìlú.

A kò lè ṣàì sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ń pa wá lẹ́rìn-ín tí ó sì tún ń dùn wá. Lábẹ́ ilẹ̀ Odìgbò yìí kan náà, ní Àgbàbú, ọ̀dà wà, irú ọ̀dà tí a fi ń tẹ́ títì. Kì í ṣe àná ni a mọ̀ ọ́n. Láti nǹkan bí 1908 ni ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan, Nigerian Bitumen Corporation, ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ìhà Òkìtìpupa, títí ogun 1914 fi dá wọn dúró. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, ọ̀dà náà ṣì wà nínú ilẹ̀, àgbẹ̀ tí ó ń gbé lórí rẹ̀ sì ń fi ẹsẹ̀ fọ́n ekuru kiri. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ọ̀nà yangí kò bá ti kù fún àwọn ọ̀dọ́ wa láti gun kẹ̀kẹ́ lé!

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ ogun. Ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1967, ní ibi tí ó jìnnà sí Orè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ-ogun Bìáfírà tí ó tó nǹkan bí 3,000 sọdá Odò Ọya láti Onitsha bọ́ sí Asaba, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú wọ́n ti gba ìlú Bìní. Ẹni tí ó ṣíwájú wọn kì í ṣe ọmọ Ìgbò. Ọmọ Yorùbá ni, Victor Banjo ni orúkọ rẹ̀, ọ̀gágun tí ìjọba ti tì mọ́lé láti 1966, tí Ojukwu sì tú sílẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ayé ti rí: ọmọ Yorùbá ni ó kó ogun Bìáfírà bọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá. Ó ní òun wá láti gbà wá sílẹ̀ ni. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn mìíràn ní ọ̀dàlẹ̀ ni, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán lẹ́nu àwọn àgbà títí di òní. Ní ti àwa, a rò pé ẹni tí ó bá fi ogun wọ ìlú, ohun yòówù kí ó ní lọ́kàn, kì í ṣe òun ni yóò yan ẹni tí ọta ìbọn yóò bà.

Banjo dúró ní Bìní. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà ó bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ ìtàn ogun náà gbà pé àwọn ọjọ́ tí ó fi dúró yìí ni ó fún ìjọba àpapọ̀ láyè láti kó ọmọ-ogun jọ. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ogun Bìáfírà ti dé Orè, ibi tí ó fi nǹkan bí 200 kìlómítà jìnnà sí Èkó. Nísinsìnyí ẹ lè rí ìdí tí a fi sọ pé oríta ni Orè. Ẹni tí ó bá di Orè mú, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀nà Èkó wà, ọwọ́ rẹ̀ náà ni ọ̀nà tí ó gba Oǹdó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá wà. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ-ogun ìjọba dúró dè wọ́n, níbẹ̀ ni ìjà náà ti gbóná, ibẹ̀ náà sì ni ó jìnnà jù tí ogun Bìáfírà dé ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Murtala Muhammed ni ó darí ẹgbẹ́-ogun kejì ti ìjọba tí ó lé wọn padà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, Albert Okonkwo, ẹni tí àwọn Bìáfírà fi ṣe olórí ní Bìní, kéde pé ilẹ̀ náà ti di orílẹ̀-èdè olómìnira. Ní ọjọ́ kejì ìjọba àpapọ̀ gba Bìní padà. Ní ọjọ́ 22, wọ́n yìnbọn pa Banjo ní Enugu pẹ̀lú Ifeajuna, Alale àti Agbam, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń gbìmọ̀ láti dojú ìjọba Ojukwu dé. Èyí tí ó burú jù lẹ́yìn náà ni ti Asaba ní oṣù kẹwàá, níbi tí ọmọ-ogun ìjọba ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí kò gbé ohun ìjà jọ, tí wọ́n sì pa wọ́n. Kò yẹ kí a máa sọ ti Orè fún àwọn ọmọ wa bí ìtàn ìṣẹ́gun, kí a sì fi ti Asaba pamọ́, nítorí ọ̀nà kan náà ni ogun náà gbà lọ.

Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Murtala tí ó jà ní ọ̀nà Orè di olórí ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1975. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ó dá àwọn ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Orè wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn èyí ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ yìnbọn pa á ní Èkó.

Ohun tí ó kù fún ọ̀pọ̀ ilé nínú gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ àwàdà kan. Bí tọkọtaya bá jà, bí ọmọ méjì bá na ara wọn ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ó gbọ́ tí ẹnìkan yóò wí pé, “Ó le kú, ìjà Orè!” Gbogbo wa ni a ti sọ ọ́ rí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ mọ́. Ahọ́n Yorùbá kò ní olùṣọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń sọ ọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó jà àti ohun tí wọ́n jà lé. Ó dá wa lójú pé mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn yóò wí pé àwọn rò pé ìjà àwọn awakọ̀ ni.

Àwọn ará ìlú mìíràn ti fi kẹ̀kẹ́ ṣe ọ̀nà ìrántí. Eré-ìje láti Paris sí Roubaix ní ilẹ̀ Faransé ti wà láti 1896, ṣùgbọ́n ní 1919, nígbà tí àwọn tí ó lọ yẹ ọ̀nà wò rí igi tí ó jóná, ilé tí ó wó àti ilẹ̀ tí àgbá ti tú, wọ́n pè é ní ọ̀run àpáàdì ti àríwá, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti 2017, àwọn tí ń sáré Gent–Wevelgem ti ń gba ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ ní agbègbè Ploegsteert, lẹ́bàá ibi tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì ti jáde kúrò nínú kòtò wọn ní Kérésìmesì 1914, tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì sin òkú wọn. Bí a bá lè gbé eré-ìje gba irú ibẹ̀ nítorí kí àwọn ènìyàn lè rántí, kò sí ohun tí ó ní kí ọmọ wa má lè gun kẹ̀kẹ́ láti Orè lọ sí Odìgbò pẹ̀lú ọkàn tí ó ń ronú. Ẹni tí ọkọ̀ ń gbé sáré kọjá lórí títì ńlá kò ní àyè láti béèrè ohunkóhun. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà oko, ó lè gbọ́ ohùn ẹni tí ó kí i, ó lè sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè jókòó.

Ìjókòó yìí gan-an ni a ń wá, ó sì yẹ kí a yára. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà ìjà Orè ti súnmọ́ àádọ́rin ọdún báyìí. Ẹni tí ó ti ń gbé kòkó ta nígbà náà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, bí ó bá ṣì wà. Nítorí náà, bí ẹ bá bá bàbá tàbí ìyá àgbà pàdé níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ẹ kí wọn kú iṣẹ́, kí ẹ tó mú ọ̀rọ̀ ogun wá. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ náà, ẹni tí ó gbé wọn sá, ohun tí wọ́n jẹ, àti bí ilé ti rí nígbà tí wọ́n padà dé. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ẹ sì má ṣe fo ilé aládùúgbò yín tí ó jẹ́ Ìgbò. Òun náà ní bàbá, bàbá náà sì ní ọdún 1967 tirẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kí oorun tó kùn yín.

Ẹ̀yin òbí, a mọ ohun tí ń bà yín lẹ́rù, ẹ̀rù náà kò sì ṣàìnídìí. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí ni a ti ń gbọ́ ìròyìn àwọn ajínigbé nínú igbó Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítorí irú èyí ni àwọn ìjọba ilẹ̀ Yorùbá fi dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Kí ọmọ yín má dá lọ. Kí wọ́n tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí àgbà kan wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ibẹ̀ ọ̀nà tí ó ṣeé gbà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà, ẹ padà láìjiyàn. Ní ti títì ńlá Èkó sí Bìní, a kò gbà kí ọmọ ẹnikẹ́ni gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ rárá. Àwọn tírélà ibẹ̀ kì í dúró de ẹnìkan.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù, lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí ọyẹ́ tó sọ ojú ọ̀nà di kìkì ekuru. Nínú òjò, yangí a máa yọ̀ bí ilá, ẹrọ̀fọ̀ a sì máa di ṣéènì pa. Ẹ mú túbù kan dání fún kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, páǹpù kan fún gbogbo yín, lẹ́ẹ̀ àti abala rọ́bà, nítorí fọ́kanáísà kò sí láàárín oko kòkó. Ẹ mú omi púpọ̀ ju èyí tí ẹ rò pé ó tó lọ, àti aṣọ ìbojú fún ekuru. Bí ẹ bá rí kòkó tí a sá sójú ọ̀nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ yí i ká. Kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ẹ ti gbọ́dọ̀ kọjú sí Orè padà, nítorí lábẹ́ igi kòkó ilẹ̀ a máa tètè ṣú.